Kẹ̀kẹ́ Ológeere Nígboro: Ojú Ọ̀nà Ni Àríyànjiyàn Dá Lé

Káàkiri àgbáyé lónìí, ìlú ńlá tí àwọn alákòóso rẹ̀ kò tíì fẹnu ba ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà láti dín èéfín ọkọ̀ àti sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kù kò pọ̀ mọ́. Àwọn kan ti gé lára títì fún àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́, àwọn kan ṣì wà lẹ́nu ètò rẹ̀, àwọn mìíràn sì ti ṣe é tán kí ìbínú àwọn awakọ̀ tó mú kí wọ́n tú u ká. Láti ọdún 2018 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọjọ́ Kẹ̀kẹ́ Lágbàáyé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ gbọ́ awuyewuye tó ń lọ yóò ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tó ń jiyàn pé kẹ̀kẹ́ ń rú èéfín. Ilẹ̀ ni wọ́n ń jà sí: ta ló ni ojú títì, báwo ni a ó sì ṣe pín in? Ní tèmi, ibẹ̀ gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ náà wà, nítorí pé ìlú tó ń rọ àwọn ará ìlú láti gun kẹ̀kẹ́, tí kò sì fún wọn ní ọ̀nà tí ẹ̀mí wọn ti dè, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tó mú kí wọ́n máa ka kẹ̀kẹ́ sí ohun ìrìnnà tí kì í ba àyíká jẹ́. Lítà bẹntiróòlù kan tí ẹ́ńjìnnì bá jó tán ń tú nǹkan bí kìlógíráàmù 2.3 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sí ojú sánmà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ ló sì sábà máa ń gbé ènìyàn kan ṣoṣo tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju kìlógíráàmù 70 tàbí 80 lọ, tó fi jẹ́ pé irin ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú epo yẹn ń gbé kiri. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gùn nígboro kì í sábà ju kìlógíráàmù 15 sí 20 lọ. Ẹni tó gùn ún ló wúwo jù ú lọ fíìfíì, ìdí sì nìyẹn tí agbára tí ènìyàn ń lò láti fẹsẹ̀ rin kìlómítà kan fi lè gbé e dé kìlómítà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá wà lórí kẹ̀kẹ́.

Apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ èéfín yìí tí a kì í sábà gbọ́, bẹ́ẹ̀ ó ṣe pàtàkì púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan máa ń jẹ epo ju èyí tó ti gbóná lọ. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n sì fi há inú páìpù èéfín láti máa sọ àwọn májèlé inú rẹ̀ di ohun tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀ mọ́ kì í lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́ àfi tí ó bá gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 250 tàbí 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tó wa ọkọ̀ lọ sí ibi tí kò ju kìlómítà méjì lọ lè ti dé ibi tó ń lọ kí ẹ̀rọ yẹn tó jí dáadáa. Ìrìn kúkúrú, èyí tí a rò pé kò lè ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, ni èéfín rẹ̀ burú jù lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan, ìrìn kúkúrú náà ló sì rọrùn jù láti fi kẹ̀kẹ́ rìn. Ibi tí kẹ̀kẹ́ ti lágbára jù ni ọkọ̀ ti dọ̀tí jù.

Àwọn kan á ní ọkọ̀ oníná mànàmáná ti dé, kí ló wá kù tí a tún ń fi kẹ̀kẹ́ ṣe? Òótọ́ ni pé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní páìpù èéfín, ó sì sàn ju ti epo lọ dáadáa. Síbẹ̀ táyà rẹ̀ ń jẹ lórí títì bíi ti ọkọ̀ yòókù, eruku kíún-kíún tó ń bọ́ lára táyà àti títì yẹn sì ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó bá fà á símú. Bátìrì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ṣoṣo lè gba iná tó tó ti bátìrì kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ sì ni a ní láti wa àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì tí wọ́n fi ṣe é jáde nínú ilẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tí ọkọ̀ oníná mànàmáná bá fà kò yàtọ̀ sí èyí tí ọkọ̀ elépo ń fà, nítorí pé ààyè kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ kan níhìn-ín o. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn tó bá gorí kẹ̀kẹ́ ló dín èéfín kù. Bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni ó ń fi rìn tẹ́lẹ̀, tàbí pé bọ́ọ̀sì tí èrò kún fọ́fọ́ ni ó ń wọ̀, ìyàtọ̀ tí ó mú bá afẹ́fẹ́ kò tó nǹkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ lè le sí i. Ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá rọ́pò ìrìn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni èrè náà máa ń pọ̀. Nítorí náà, ìlú tó bá fi ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sí àwọn àdúgbò tí kò sí ọkọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí kò sì fọwọ́ kan àwọn òpópónà tí ọkọ̀ ti ń há gádígádí, ti fi owó ṣòfò, kódà bí ìròyìn tó gbé jáde lórí rẹ̀ bá dùn létí.

Ọ̀rọ̀ ààyè ló wá kàn, èyí tí mo kà sí pàtàkì ju ti èéfín lọ. NACTO, àjọ tó kó àwọn ilé iṣẹ́ ìrìnnà ìlú jọ ní Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀ pé ojú ọ̀nà kan tó jẹ́ ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nìkan lè gba ènìyàn 600 sí 1,600 kọjá láàárín wákàtí kan, nígbà tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ alálọ-àlọbọ̀ tí wọ́n dáàbò bò, tí kò sì fẹ̀ ju ìyẹn lọ púpọ̀, lè gba ènìyàn bíi 7,500. Nígbà tí ọkọ̀ bá sì dúró ńkọ́? Ibi tí ọkọ̀ kan ń dúró sí lè gba kẹ̀kẹ́ bíi mẹ́wàá. Nílùú Utrecht ní Nẹ́dálándì, wọ́n kọ́ ibi ìgbékẹ̀kẹ́sí alájà mẹ́ta sábẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin, èyí tí wọ́n parí lọ́dún 2019 tó sì lè gba kẹ̀kẹ́ 12,500. Àwọn ènìyàn máa ń gun kẹ̀kẹ́ wọn wọ inú rẹ̀ tààrà, iná tó wà lókè á fi hàn wọ́n ibi tí ààyè ṣì wà, wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ kọ́, wọ́n á sì gòkè lọ bá reluwé. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni gbogbo wọn wà wá, pápá ńlá ni wọn ìbá nílò láàárín ìgboro.

Bí a bá ti dárúkọ Nẹ́dálándì báyìí, èsì tó máa ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ìyẹn jẹ́ àṣà wọn, pé wọ́n bí kẹ̀kẹ́ mọ́ wọn ni. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1970, bí owó ṣe ń wọlé fún àwọn ará orílẹ̀-èdè náà ni wọ́n ń ra ọkọ̀, iye àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ sì ń já wálẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n wó àwọn ilé àtijọ́ kan láti fẹ títì, wọ́n sì sọ àwọn gbàgede ìlú di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1971, ó lé ní 3,000 ènìyàn tí ìjàǹbá ọkọ̀ pa lọ́dún kan ṣoṣo, ó sì lé ní 400 ọmọdé tó wà nínú wọn. Akọ̀ròyìn kan, Vic Langenhoff, tí ọkọ̀ pa ọmọ tirẹ̀, kọ àpilẹ̀kọ kan lọ́dún 1972 tó ru àwọn ènìyàn sókè. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ kan ti dìde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Stop de Kindermoord, ìyẹn ni pé kí wọ́n yé pa àwọn ọmọdé. Àwọn òbí dí títì, wọ́n tẹ́ tábìlì oúnjẹ sáàárín ọ̀nà, àwọn ọmọ wọn sì ń ṣeré níbi tí ọkọ̀ ti máa ń sáré kọjá.

Lọ́dún 1973 ni àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó ń ta epo dáwọ́ títa epo fún Nẹ́dálándì dúró, ìjọba Joop den Uyl, olórí ìjọba ilẹ̀ náà nígbà náà, sì fòfin de wíwa ọkọ̀ lọ́jọ́ Àìkú láti ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá ọdún náà. Àwọn ènìyàn gun kẹ̀kẹ́ lórí títì márosẹ̀, wọ́n sì fojú ara wọn rí bí ìlú ṣe máa ń rí tí kò bá sí ariwo ọkọ̀. Ìbínú àwọn òbí àti ọ̀wọ́n epo ló pàdé, òun ló sì yí ètò ìjọba padà. Láàárín ọdún 1975 sí 1980, wọ́n fi ìlú Den Haag àti Tilburg dán ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gidi wò. Ohun tí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo, bó ti wù kí ó dára tó, kò lè sọ awakọ̀ di ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, nítorí pé kò sí ẹni tí ilé rẹ̀ àti ibi iṣẹ́ rẹ̀ jọ wà lórí ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn. Wọ́n wá lọ sí Delft, wọ́n so gbogbo ọ̀nà ìlú náà pọ̀ mọ́ra wọn. Lónìí, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìrìn tí àwọn ará Nẹ́dálándì ń rìn tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń rìn ín, kẹ̀kẹ́ tó wà nílẹ̀ wọn sì pọ̀ ju ènìyàn lọ.

Ìlú tó tún gbà mí lọ́kàn ni Seville ní Sípéènì, nítorí pé ojú wa báyìí ni tirẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀. Kí ọdún 2006 tó dé, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìgbìmọ̀ ìlú pinnu pé wọn kò ní máa ṣe é díẹ̀díẹ̀. Láàárín ọdún bíi méjì, wọ́n ti so nǹkan bí kìlómítà 80 ọ̀nà kẹ̀kẹ́ pọ̀ mọ́ra, wọ́n fi irin pààlà sáàárín òun àti ọkọ̀, wọ́n sì gba ààyè tí ọkọ̀ ń dúró sí láti fi ṣe é. Kò pẹ́ tí iye náà fi sún mọ́ ìdá mẹ́fà tàbí méje nínú ọgọ́rùn-ún, ní ìlú tí oòrùn rẹ̀ ń mú ganrínganrín. Ní Bogotá, olú ìlú Kòlóḿbíà, ó ti pẹ́ láti ọdún 1974 tí wọ́n ti máa ń ti òpópónà mọ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ Àìkú kí àwọn ènìyàn lè gun kẹ̀kẹ́ kí wọ́n sì rìn fàlàlà, ọ̀nà tí wọ́n ń tì bẹ́ẹ̀ sì ti lé ní kìlómítà 120 báyìí. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó rọrùn fún wọn lọ́dún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé, láti fi nǹkan bí kìlómítà 80 ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kún un láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2024 sì fi hàn pé láàárín ìlú Paris, ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún ìrìn ni wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ rìn, nígbà tí ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò ju bíi mẹ́rin lọ.

Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn ìlú wọ̀nyí tó rí ààyè fún kẹ̀kẹ́ láìgbà á lọ́wọ́ ọkọ̀, ìgbìmọ̀ ìlú tó bá sì ń wá bí kò ṣe ní ṣẹ ẹnikẹ́ni, ọ̀dà funfun ni yóò kàn fi fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ìlà ọ̀dà kì í dá ọkọ̀ dúró. Èyí tó tún burú jù ni ìlà tí wọ́n fà sí àárín ọkọ̀ tó dúró àti ọkọ̀ tó ń sáré: ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ń bọ̀ jẹ́jẹ́, ẹnì kan tó jókòó sínú ọkọ̀ tó dúró á ṣàdédé ṣílẹ̀kùn láìwẹ̀yìn, etí ilẹ̀kùn á gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹni náà á sì ṣubú sí apá ibi tí ọkọ̀ mìíràn ti ń bọ̀. Bí wọ́n bá yí ètò yẹn padà, kí ọkọ̀ tó dúró wà ní apá títì, kí kẹ̀kẹ́ wà ní apá ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, pẹ̀lú ààyè díẹ̀ láàárín fún ilẹ̀kùn láti ṣí, ọkọ̀ tó dúró yẹn gan-an ni yóò di odi tó ń dáàbò bo ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Ìwọ̀n títì kò yí padà rárá.

Oríta ló wá le jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀nà ọkọ̀ àti ti kẹ̀kẹ́ ti gbọ́dọ̀ kọjá ara wọn. Ní oríta tí wọ́n ṣe dáadáa ní Nẹ́dálándì, wọ́n máa ń mọ erékùṣù kọnkéré kékeré kan sí igun kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ tó fẹ́ yà sí ọ̀tún kò lè gé igun náà kúrú; dandan ni kí ó dẹ eré, kí ó sì yí ọkọ̀ tán pátápátá kó tó dé ibi tí kẹ̀kẹ́ ń gbà kọjá. Nígbà tó bá fi débẹ̀, iwájú rẹ̀ gan-an ni ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ wà, tí wọ́n lè wo ojú ara wọn, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ibi tí dígí ọkọ̀ kò ká. Ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń dúró de iná sì wà níwájú ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró, tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ ọkọ̀ àjàgbé tó jókòó sókè réré yóò fi rí i kí iná tó di àwọ̀ ewé. Mo gbà pé òkúta díẹ̀ tí wọ́n fi mọ igun oríta gba ẹ̀mí là ju ìkìlọ̀ orí rédíò lọ.

Níbi tí ààyè kò bá sí láti pààlà, eré ọkọ̀ ni ó yẹ kí wọ́n dín kù. Agbára tí ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 50 láàárín wákàtí kan fi ń gbá ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti èyí tó ń sá 30. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2021 ni Sípéènì ti sọ 30 di òfin lórí títì ìgboro tó jẹ́ pé ojú ọ̀nà kan ló wà fún àlọ, tí ọ̀kan sì wà fún àbọ̀. Ìlú Amsterdam ní Nẹ́dálándì náà ṣe bẹ́ẹ̀ lórí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn títì rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2023.

Ọ̀rọ̀ àṣíborí máa ń gba àkókò púpọ̀ nínú irú ìjíròrò yìí. Ó dára kí ènìyàn dé e, ó sì ń dín ọgbẹ́ orí kù. Ṣùgbọ́n ìjọba tó bá ń mú ẹni tí kò dé àṣíborí, tí kò sì fọwọ́ kan títì tí ọkọ̀ àjàgbé ti ń fara kan kẹ̀kẹ́ kọjá, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà kan dára lóòótọ́, àwọn tó ń gùn ún ni kí a wò. Níbi tí ọ̀nà bá ti léwu, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó láyà ni a sábà máa ń rí lórí kẹ̀kẹ́. Ní Nẹ́dálándì, àwọn obìnrin ń gun kẹ̀kẹ́ ju àwọn ọkùnrin lọ, àwọn ọmọdé ń dá gùn ún lọ sí iléèwé, àwọn àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún náà kò sì tíì sọ tiwọn kalẹ̀.

Òkè, ìjìnnà àti ẹrù jẹ́ ìdíwọ́ gidi, kò sì yẹ kí a fojú tín-ínrín wọn. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ti dín púpọ̀ nínú rẹ̀ kù. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ni pé mọ́tò inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 250 wáàtì lọ, kò sì gbọdọ̀ ran ẹni tó ń gùn ún lọ́wọ́ mọ́ tí eré bá ti dé kìlómítà 25 láàárín wákàtí kan. Ẹni tó ń gùn ún ṣì ń fi ẹsẹ̀ wa pẹ́dáàlì, ṣùgbọ́n kì í mí hẹlẹ mọ́ bó bá ń gun òkè. Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù oníbátìrì lè gbé ọmọ méjì tàbí ẹrù ọjà ńlá kan. Bátìrì burúkú a máa gbiná, nítorí náà àyẹ̀wò ṣe pàtàkì kí wọ́n tó gbà á láyè láti tà á. Fún àwọn tí àìlera kò jẹ́ kí wọ́n lè gun kẹ̀kẹ́ rárá, títì tí àwọn mìíràn ti fi ọkọ̀ sílẹ̀ á túbọ̀ ṣí sílẹ̀ fún ọkọ̀ tiwọn.

Àwọn ìlú kan rò pé kẹ̀kẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè yá gùn ni yóò yanjú gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ ní Amsterdam lọ́dún 1965, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kan kun kẹ̀kẹ́ ní ọ̀dà funfun tí wọ́n sì fi wọ́n síta fún gbogbo ènìyàn; àwọn ọlọ́pàá kó wọn lọ. Vélib', ètò kẹ̀kẹ́ àyágùn ti Paris, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2007, fẹsẹ̀ múlẹ̀ nítorí pé ó ní ibùdó tí wọ́n ti ń gbé e àti ibi tí wọ́n ti ń dá a padà. Ní Ṣáínà, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bára wọn díje da àràádọ́ta ọ̀kẹ́ kẹ̀kẹ́ tí kò ní ibùdó sí ìgboro ní nǹkan bí ọdún 2016 sí 2017. Nígbà tí owó tán lọ́wọ́ àwọn kan nínú wọn, òkìtì kẹ̀kẹ́ tó ti ń dípẹtà ló kù nínú pápá.

Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2023, nǹkan bí mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ló ń kú lójú títì lọ́dún, ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sì jẹ́ àwọn tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Ìròyìn náà sọ pé ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kò ju ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún ojú ọ̀nà lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kú yìí kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ àyíká gbé gorí kẹ̀kẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọn kò ní ohun ìrìnnà mìíràn ni, wọ́n sì ti ń gùn ún tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó máa pè é ní ọ̀nà ìgbàlà fún ìlú.

Níbi tí ètò náà ti kẹ́sẹ járí pàápàá, ìjà ààyè kò tíì tán. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, Amsterdam lé àwọn alùpùpù kékeré kúrò lórí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ láàárín ìlú, wọ́n ní kí wọ́n bọ́ sí títì kí wọ́n sì dé àṣíborí. Ní báyìí, kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tó wúwo, àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri, àwọn ọmọ iléèwé àti kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ni wọ́n jọ ń fún ara wọn lórí ọ̀nà tí wọ́n kọ́ nígbà tí kẹ̀kẹ́ lásán ló wà. Àwọn kan fẹ́ kí òfin túbọ̀ le mọ́ àwọn tó ń sáré, àwọn mìíràn sì ń sọ pé ọ̀nà kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fẹ̀ sí i, èyí tó tún máa gba kí wọ́n gé díẹ̀ sí i lára ojú títì tí ọkọ̀ ń gbà.